Dókítà Aláfẹ́fẹ́ àti Jíìpù Tó Ń Gbé Èémí Ara Rẹ̀ Kiri

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa Dókítà ni ti ọjọ́ tó tú afẹ́fẹ́ inú táyà ara rẹ̀ dànù lójú gbogbo ayé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò tó dábùú ọ̀nà àwọn darandaran ti gbẹ, iyanrìn nìkan ló kù, iyanrìn funfun tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó ti rì síbẹ̀ dé ìdajì táyà. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, jíìpù méjì tó wuyì ju ti Dókítà lọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ti yí táyà lójú kan náà bí ajá tó ń wá egungun tó rì mọ́lẹ̀. Ó ti sú àwọn awakọ̀, wọ́n ti lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìgbà náà ni Dókítà dé, obìnrin kúkúrú kan tó fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àpótí oògùn ẹran lé itan. Dókítà wo iyanrìn, ó wo àwọn ọkọ̀ tó rì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣa igi tínńrín kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ imú àwọn táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ń tú jáde, ṣíìì.

Awakọ̀ akẹ́rù kò lè mú un mọ́ra. Ó sún mọ́ fèrèsé télọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀."

"Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa," ni télọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú ẹ wò."

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀, wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Dókítà padà wọlé, ó sì wa jíìpù náà gba orí iyanrìn kọjá jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ó dé òdìkejì láìdúró. Àwọn awakọ̀ wo ara wọn, wọ́n ní ó dáa, ṣebí ọ̀nà líle ló kù níwájú, ẹ jẹ́ ká wo bí yóò ṣe fi táyà rírọ̀ rìn ín. Dókítà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa róbà gígùn kan jáde bí ẹni ń fa ejò nínú ihò, ó fi ẹnu rẹ̀ bọ imú táyà, ẹ́ńjìnnì ń kùn, táyà ń wú. Nígbà tó parí tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà wá bá wọn, ó kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe tú tiwọn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ já pákó sílẹ̀ nínú akẹ́rù. Gbogbo wọn kọjá, gbogbo wọn ló sì fún ní afẹ́fẹ́ lódìkejì. Kò gba owó. Ohun tó gbà ni pé kí oníkálukú dúró níwájú télọ̀, kó sì sọ ọ́ ketekete pé Dókítà ló jàre. Awakọ̀ akẹ́rù, tí táyà rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, ni Dókítà ní kó sọ tirẹ̀ fún táyà kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, Dókítà Aláfẹ́fẹ́. Lójú gbangba, ó máa ń fajú ro bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ mọ òtítọ́, nítorí ó ti gbọ́ ọ tó ń fi orúkọ náà pe ara rẹ̀ nínú balùwẹ̀.

Dókítà ẹran ni. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ajá, ológbò tó jábọ́ lórí òrùlé, kò sí èyí tí kì í tọ́jú. Ó máa ń sọ pé òun fẹ́ràn aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀, nítorí kò ní bá òun jiyàn. Télọ̀, tí òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò mọ̀ títí dòní bóyá ìyìn nìyẹn fún òun.

Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìlọṣọ kan, dígí gígùn kan tó sán létí. Lọ́jọ́ tí Dókítà bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn darandaran, télọ̀ á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á gbé àpótí oògùn, á sì tẹ̀ lé e. Bí àwọn oníbàárà bá bi í pé kí ló ń wá kiri nínú igbó, á ní bí ìyàwó òun ṣe ń wa ọkọ̀ yìí, ó yẹ kí ẹlẹ́rìí kan wà.

Kí jíìpù náà tó ní èémí ara rẹ̀, póòǹpù ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé kiri. Lọ́jọ́ kan, opó kan ránṣẹ́ wá pé màlúù òun ń rọbí, ọmọ kò sì jáde. Ẹ̀gún gún táyà wọn lójú ọ̀nà. Dókítà dí ihò náà kíá, ṣùgbọ́n fífún táyà jíìpù ní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gba póòǹpù lọ́wọ́ ara wọn títí apá fi ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi dé, màlúù náà ti kú, ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Òun nìkan ni opó náà ní tó ń fún un ní wàrà. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bu omi fún wọn mu, ó ní ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá.

Ọpẹ́ yẹn dun Dókítà ju èébú lọ. Kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Télọ̀ sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, nítorí ìgbà tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ńṣe ló wó ògiri ilé ìdáná kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde.

Ilẹ̀ mọ́, ó ní òun fẹ́ sọ ẹ́síì jíìpù di nǹkan mìíràn.

Kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ́síì yẹn nìkan ni ìgbádùn tí télọ̀ ní nínú gbogbo ìrìn àjò wọn. Nígbà tí ọ̀nà bá ń jù wọ́n sókè sódò, tí àpótí oògùn ń lù ú ní orúnkún, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí i lójú ló máa ń tù ú nínú.

"Kí ni ẹ́síì fi ṣe ọ́?" ló béèrè.

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, Télọ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó kàn wà níbẹ̀ tó ń tu àwa méjì lára, táyà mẹ́rin sì ń kú."

Ó ṣàlàyé fún un lórí tábìlì oúnjẹ, ó fi ife ṣe ẹ́ńjìnnì, ó fi ìgò iyọ̀ ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì ẹ́síì pọ̀. Ó ti wà lára ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, bẹ́líìtì sì ti ń yí i. Ẹni tó lè fún gáàsì pọ̀ lè fún afẹ́fẹ́ lásán pọ̀. Kí a ṣáà yí ibi tó ń gbà mí sínú padà, kí a yí ibi tó ń gbà mí síta padà, kí a wá táǹkì tí afẹ́fẹ́ náà yóò máa gbé. Télọ̀ lóye gbogbo rẹ̀ pátá, àfi ìdí tí òun ṣe gbọ́dọ̀ máa làágùn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe wá fa gáàsì inú ẹ́síì sínú sìlíńdà tirẹ̀, torí Dókítà ní òun kò lè tú u sínú afẹ́fẹ́ tí àwọn aláìsàn òun ń mí. Lẹ́yìn náà ló wá bá ọkọ rẹ̀ pé kó rán aṣọ kan tí yóò máa sẹ́ eruku lẹ́nu ibi tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń gbà mí sínú. Télọ̀, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, rán an bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó: ìpele méjì, ìtẹ́nú, ìṣẹ́tí tó gún régé, àti bọ́tìnnì kan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, ó béèrè ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe níbẹ̀. Télọ̀ ní aṣọ tí kò ní bọ́tìnnì kò tíì parí. Ọjọ́ díẹ̀ ni Dókítà fi rò ó, kò sì já bọ́tìnnì náà.

Táǹkì ló wá kù. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, èyí tó máa ń gba afẹ́fẹ́ bíréèkì, ó fọ̀ ọ́, ó dán an wò pẹ̀lú omi, kò jò. Ó gbé e tọ wẹ́dà lọ. Wẹ́dà yìí jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó gbà pé kò sí ìṣòro ayé tí a kò lè jó irin mọ́. Ó ti gbé iná lọ́wọ́, ó fẹ́ jó ẹsẹ̀ mọ́ táǹkì náà ní tààrà. Dókítà bọ́ sáàárín òun àti táǹkì. Ó ní táǹkì tí yóò gba afẹ́fẹ́ tó ń tì bẹ́ẹ̀, iná kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀, kó ṣe ọ̀já irin tí yóò gbá a mọ́ra.

"Ṣùgbọ́n màmá, jíjó ló máa ń lágbára jù."

"Ó dáa. Èmi ni kó o kọ́kọ́ jó mọ́ ọkọ̀ yẹn ná, ká wo bí mo ṣe máa lágbára tó."

Wẹ́dà ṣe ọ̀já irin.

Wọ́n tún fà á lórí fáàfù. Dókítà fẹ́ fáàfù ìdáàbòbò lára táǹkì, èyí tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù. Wẹ́dà ní súwíìṣì iná kan ti wà tí yóò máa dá kọ̀mpírẹ́sọ̀ dúró bí táǹkì bá kún, kí ni a tún fẹ́ fi fáàfù ṣe, ohun tí kò níṣẹ́ kankan láyé rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Dókítà kàn fi fáàfù náà sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wẹ́dà dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù, ó ń fún ọ̀já irin le sí i, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Súwíìṣì iná náà gan. Táǹkì ń kún, ó ń kún, títí fáàfù fi ṣí gbàù lẹ́bàá etí wẹ́dà tó sì ń hó bí ẹni tí ẹ̀mí èṣù ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n rí wẹ́dà nígbà tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé láìsí fáàfù náà, táǹkì ni ì bá là, ó di oníwàásù. Kò sí irin tí wọ́n gbé wá fún un mọ́ tí kì í béèrè pé fáàfù ìdáàbòbò rẹ̀ ńkọ́. Ó tiẹ̀ bi tọkọtìyàwó kan tó wá ṣe bẹ́ẹ̀dì irin.

Ẹ má rò pé Dókítà kò ṣàṣìṣe. Nínú ẹ́síì, òróró tó ń mú ara kọ̀mpírẹ́sọ̀ dán máa ń bá gáàsì yípo, ó sì máa ń padà wálé. Nígbà tó di afẹ́fẹ́ lásán, òróró tí Dókítà ń kán sí i ń bá afẹ́fẹ́ jáde, kò sì padà mọ́. Kò tíì mọ èyí lọ́jọ́ tó pinnu láti tu ọkọ rẹ̀ nínú. Ó fa róbà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ fẹ́ eruku inú ẹ̀rọ ìránṣọ jáde fún un. Eruku jáde lóòótọ́. Òróró náà jáde, wínníwínní bí ìrì, ó sì bà sára kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó kọ́ sára ògiri, kóòtù ọ̀gá ilé ìwé, tó ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ọ̀gá ilé ìwé ti wọlé. Ó gbé kóòtù náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo àwọn tótòtó dúdú ara rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé aṣọ òun lẹ́wà tó báyìí, ṣé télọ̀ lè bá òun wá irú rẹ̀ sí i. Télọ̀, tí kì í parọ́, ní irú rẹ̀ kò sí lọ́jà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Dókítà wá ife kékeré kan tó ń gba òróró àti omi dúró kí afẹ́fẹ́ tó jáde, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó tún kù díẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù wá, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wá, àwọn bàbá wọn sì ń wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn. Fọganáísà tó wà ní oríta, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fún táyà ní afẹ́fẹ́, wá fẹjọ́ sun télọ̀. Ó ní òun kò bá màmá jà, ṣùgbọ́n tí màmá bá ń fún gbogbo ayé ní afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni òun á máa tà. Télọ̀ ní òótọ́ ni. Dókítà náà ní òótọ́ ni, èyí tó ya ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ṣèlérí pé nínú igbó nìkan ni òun yóò ti máa fẹ́ táyà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí fọganáísà lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti rí i tó ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà láti mọ̀ bó kún, pé irú ìmọ̀ wo nìyẹn, ẹni tó ní géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́. Fọganáísà ní kí màmá náà gbá ọ̀kan wò kó tó bú u. Dókítà gbá a. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń tiro, tó ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé làkúrègbé ni.

Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, opó yẹn tún ránṣẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti fún un ní abo màlúù kan, màlúù náà ń rọbí, ọmọ sì ti há. Wọ́n kó sínú jíìpù. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ooru ń mú, télọ̀ di àpótí mú gírígírí. Bí ẹni pé ayé fẹ́ dán wọn wò, ẹ̀gún tún gún táyà. Dókítà bọ́ sílẹ̀ kí jíìpù tó dúró dáadáa. Ó fa ẹ̀gún yọ, ó fi róbà dí ihò, ó fa róbà gígùn jáde, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ké, táyà dìde. Télọ̀ tó ń wá póòǹpù ọlọ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà á, kò tíì rí i tí Dókítà fi ń tẹ fèrè pé kó wọlé.

Wọ́n bá màlúù náà láàyè. Dókítà bọ́ aṣọ òkè, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti apá bọ inú màlúù dé èjìká, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn tí télọ̀ kì í sábà gbọ́ nílé. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ tó ká kò, ó nà án, ó ní kí télọ̀ àti opó fà pẹ̀lú òun. Wọ́n fà. Ọmọ náà já bọ́ sílẹ̀, ó tutù, kò mira. Dókítà nu imú rẹ̀, ó fi koríko tọ́ ọ nínú ihò imú, kò mira. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ bo ihò imú ọmọ màlúù náà, ó sì fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà sín, ó mi etí.

Ìgbà yìí ni opó náà sunkún. Dókítà náà ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú, ó ní eruku ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ń padà lọ sílé, télọ̀ ń làágùn bí ẹni tó jáde nínú odò, kò sì mẹ́nu kan ẹ́síì. Kò mẹ́nu kàn án mọ́ láyé.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí ọkàn Dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Dókítà èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, ó ní kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Dókítà ẹran ní ṣé màlúù ló rí lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́, ó sì mọ̀ pé ó rẹ òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi sùn, tí kò jí. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn darandaran, àwọn awakọ̀, àwọn tó ní ajá, oníkálukú dìde láti sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó parí tirẹ̀ tí àwọn èèyàn kò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ẹ̀gbẹ́ mú. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ tirẹ̀, ó sì sọ ti bọ́tìnnì.

Ọ̀kan wà tí kò sọ fún wọn. Òun ni ti ọjọ́ tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn, tí Dókítà na kọ́kọ́rọ́ jíìpù sí i, tó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ẹnu géètì ló ti ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó ní jíà yẹn pẹ́ jù, ó ní kó fi kòtò yẹn sílẹ̀, ó ní ta ló kọ́ ọ láti máa gbé ìgbọ̀nwọ́ síta bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ń dáhùn pé òun gbọ́, òun gbọ́. Nígbà tó ṣe, ohùn náà dákẹ́. Àyà télọ̀ já. Ó yíjú, ó sì rí i pé orí Dókítà ti yẹ̀ sí èjìká òun, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ wá sí imú, ó ń han-run díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tí kò sùn rí nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà.

Télọ̀ rọra ń wa ọkọ̀ lọ. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò pa ẹ́ńjìnnì, torí bí ariwo bá dákẹ́ lójijì, Dókítà á jí. Ó jókòó síbẹ̀, èjìká rẹ̀ kú tipiri, òòrùn ń rìn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà wá, ó fi ìka lé ètè, wọ́n sì padà lọ.

Nígbà tí Dókítà jí, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó wo ilé, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Kọ́nà tó kẹ́yìn yẹn, Télọ̀ mi, ẹ yára yà á jù."

Ó ti sùn lọ fọnfọn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dé kọ́nà náà. Télọ̀ mọ̀.

"Ìwọ lo jàre," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un.